Manios Ló Ṣe Mí: Bí Wọ́n Ṣe Ń Wá Ọ̀rọ̀-ìṣe Èdè Tó Bí Látìn

Ìkọ́ aṣọ kan wà ní Róòmù, wúrà ni wọ́n fi ṣe é, èèyàn sì lè fi ọwọ́ kan bò ó mọ́lẹ̀. Irú ìkọ́ tí àwọn ará àtijọ́ fi ń so aṣọ mọ́ èjìká ni. Ìlú Praeneste, tó ń jẹ́ Palestrina lónìí, ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́. Ibẹ̀ kò ju nǹkan bíi kìlómítà 35 sí Róòmù. Wọ́n fín ọ̀rọ̀ mẹ́rin sí i lára, láti ọwọ́ ọ̀tún wá sí òsì: Manios med fhefhaked Numasioi. Ìkọ́ náà ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Manios ló ṣe mí fún Numasios." Ọ̀rúndún keje ṣáájú ìbí Kristi ni àwọn onímọ̀ fi í sí, nígbà tí Róòmù ṣì jẹ́ ìlú kékeré létí odò Tiber.

Ọ̀rọ̀ kẹta nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí dá lé. Fhefhaked: ó ṣe é. Ẹni tó bá kọ́ Látìn ní ilé ẹ̀kọ́ mọ̀ pé fecit ni Látìn ń lò fún "ó ṣe é". Kò sí fhefhaked nínú ìwé Cicero, kò sí nínú ti Virgil. Ta ló wá mú ọ̀rọ̀ àwọn àgbà dúró, alágbẹ̀dẹ wúrà ará Praeneste ni tàbí ará Róòmù? Kí sì ni ìyá tó bí àwọn méjèèjì ń wí kí ilé tó tú ká?

Látìn kì í ṣe ọmọ kan ṣoṣo. Ó ní àwọn alájọbí ní ilẹ̀ Ítálì àtijọ́. Faliscan wà ní àríwá Róòmù, ní ìlú Falerii. Oscan ni wọ́n ń sọ ní apá gúúsù, òun ló sì wà lára ògiri Pompeii kí Látìn tó gba ìlú náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Umbrian wà ní àárín ilẹ̀ náà, níbi tí òkè pọ̀ sí. Wàláà idẹ méje tí wọ́n rí ní Gubbio ní 1444 ló pa èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ mọ́. Èdè kan ló bí gbogbo wọn. Proto-Italic ni àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ń pè é. Ó ti ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọdún lọ tí wọ́n ti ń sọ ọ́, kò sì sẹ́ni tó kọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ìyá tirẹ̀ gan-an, ìyẹn ìyá àgbà Látìn, ló bí àwọn baba ńlá Gíríìkì, Sanskrit, èdè Páṣíà, Jámánì àti Gẹ̀ẹ́sì.

Ọ̀rọ̀-ìṣe ni ibi tí ìwádìí yìí ti dùn jù, ibẹ̀ náà ló sì ti le jù. Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í para dà nítorí ẹni tó ṣe nǹkan. Mo ṣe, o ṣe, wọ́n ṣe: "ṣe" dúró gbọn-in. Ní Látìn, ẹni tó ṣe é, ìgbà tó ṣe é, bóyá ó ti ṣe é tán tàbí ó wà lẹ́nu rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń wọ inú ọ̀rọ̀ kan. Facio, mò ń ṣe é. Facis, ò ń ṣe é. Fecerunt, wọ́n ti ṣe é. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọ̀rọ̀-ìṣe ìyá Látìn kò lè dúró sórí gbòǹgbò nìkan. Àfi kó tú àfòmọ́ kọ̀ọ̀kan wò bí ẹni ń tú ìdì ẹrù, kó sì béèrè ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá.

Ọ̀rọ̀-ìṣe gan-an ló sì la ọ̀nà náà. Ní ọjọ́ kejì oṣù Èrèlé ọdún 1786, adájọ́ kan láti ilẹ̀ Bírítéènì, William Jones, dìde sọ̀rọ̀ níwájú Asiatic Society ní Calcutta ní Íńdíà. Ó ní gbòǹgbò ọ̀rọ̀-ìṣe Sanskrit àti ètò gírámà rẹ̀ bá ti Gíríìkì àti Látìn mu ju ohun tí èèyàn lè pè ní kòńgẹ́ lọ. Jones kò ṣe ju kó nawọ́ sí i lọ. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, ní 1816, Franz Bopp ará Jámánì tẹ ìwé kan jáde ní Frankfurt tí kò sọ nípa ohun mìíràn ju bí ọ̀rọ̀-ìṣe Sanskrit ṣe ń para dà lọ, tó sì tẹ́ ẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Gíríìkì, Látìn, Páṣíà àti àwọn èdè Jámánì. Inú ìwé yẹn ni ẹ̀kọ́ ìfèdèwéra ti di iṣẹ́ tó ní ìlànà.

Ìlànà náà kò ṣòro láti sọ. Ìyàtọ̀ tó ń tẹ̀lé òfin ni wọ́n ń wá. Yorùbá tó bá ti gbọ́ bí ọmọ Ọ̀wọ̀ ṣe ń pe orúkọ ìlú rẹ̀ ti mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí: Ọ̀ghọ̀ ni wọ́n ń wí. Ibi tí Yorùbá àjùmọ̀lò ti ní w nínú ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀, gh ló wà lẹ́nu àwọn ará ìhà ibẹ̀. "Ọwọ́" tiwa ni "ọghọ́" tiwọn. Kì í ṣe pé ahọ́n ẹnì kan ló yọ̀. Ó ń ṣẹlẹ̀ léraléra, òye èyí ló sì jẹ́ kí onímọ̀ ẹ̀dá-èdè Akinkugbe lè fi àwọn ẹ̀ka-èdè Yorùbá wé Ìṣẹ̀kírì àti Ìgalà nínú iṣẹ́ ìwádìí tó ṣe ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1978, tó fi ń wá bí ìyá wọn ṣe ń sọ̀rọ̀.

Ohun kan náà ni wọ́n ṣe fún Látìn. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "gbé" tàbí "rù". Látìn ní fero, Gíríìkì ní phero, Sanskrit ní bharami, Gẹ̀ẹ́sì ní bear. Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ti ọmọ ìyá lọ́kùnrin láti ìpilẹ̀ṣẹ̀: frater, phrater, bhrata, brother. F, ph, bh, b: ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa ń pàdé. Bh ni wọ́n gbà pé ìyá àgbà ń lò, Látìn ló sọ ọ́ di f. Gbòǹgbò ọ̀rọ̀-ìṣe náà wá di *bher-, pẹ̀lú àmì ìràwọ̀ níwájú rẹ̀.

Òfin yìí tún máa ń já irọ́ ẹbí. Látìn ní habere, "láti ní". Jámánì ní haben, "láti ní". Ìró wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ìtumọ̀ wọn dọ́gba pátápátá. Wọn kò bá ara wọn tan. H Jámánì máa ń pàdé c ní Látìn: Hund ni canis, ajá, hundert ni centum, ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà, capere, "láti mú", ni ọmọ ìyá haben ní Látìn, bí wọn kò tilẹ̀ jọra lójú. Ẹni tó bá ń fi ojú lásán wá ẹbí á mú àlejò wọlé, á sì ti ọmọ ìyá sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ẹ̀rí kan tilẹ̀ wà tó lágbára ju gbogbo èyí lọ. Antoine Meillet, onímọ̀ ará Faransé, tẹnu mọ́ ọn nínú ìwé rẹ̀ ti 1925. Ó ní ibi tí èdè méjì bá ti jọ ṣe ohun tó rú òfin lọ́nà kan náà ni ká ti wá ẹbí. Látìn ní est, "ó wà", àti sunt, "wọ́n wà". Sanskrit ní asti àti santi. Jámánì ní ist àti sind. Nínú gbogbo wọn, fáwẹ̀lì tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà wà nígbà tí ẹnì kan bá ń jẹ́ olùwà, ó sì pòórá nígbà tí wọ́n bá di púpọ̀. Ta ni yóò yá irú ohun tó rú òfin bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn? Èèyàn lè yá ọ̀rọ̀ fún mọ́tò tàbí bẹ́ńṣì. Kò sẹ́ni tó ń yá fáwẹ̀lì tó sọnù. Láti ilé ni wọ́n ti gbé e.

Àmọ́ ẹ wo sunt dáadáa. Oscan àti Umbrian ní sent. E tó wà nínú sent bá ìyá àgbà mu ju u inú sunt lọ. Ohun tó ṣeé gbà jù ni pé sent ni ìyá Látìn ń wí, àti pé Róòmù ló yí tirẹ̀ padà. Ibí yìí ni ìwúlò àwọn èdè kéékèèké tó kú náà ti hàn. Ká ní Látìn nìkan ló kù ní Ítálì, a ò bá ti gba àṣìṣe ọmọ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ìyá.

Nípa àmì ìràwọ̀: onímọ̀ ẹ̀dá-èdè August Schleicher ló sọ ọ́ di àṣà. Ó túmọ̀ sí pé kò sẹ́ni tó rí ọ̀rọ̀ yìí níbi kan, ìṣirò ni wọ́n fi dé ibẹ̀. Ìṣirò náà sì lè yí padà. Ní 1868, Schleicher fi èdè ìyá àgbà tí ó tò jọ kọ ìtàn kúkurú kan nípa àgùntàn àti ẹṣin. Hermann Hirt tún un kọ ní 1939, Lehmann àti Zgusta tún un kọ ní 1979. Ìtàn ò yí padà, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni kò dọ́gba mọ́. Ẹni tó bá ń ka ìwé ẹ̀kọ́ yìí gbọ́dọ̀ ní in lọ́kàn pé ìràwọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́.

Lẹ́tà kan ṣoṣo tún lè gbé ìtàn ńlá dání. Ní 1880, Heinrich Dressel rí ìkòkò kéékèèké mẹ́ta tí wọ́n lẹ̀ mọ́ra lórí òkè Quirinal ní Róòmù. Wọ́n kọ̀wé yí i ká, nǹkan bí ọ̀rúndún kẹfà ṣáájú Kristi. Òun náà ń sọ̀rọ̀ bíi ti ìkọ́ Praeneste: Duenos ló ṣe mí. Feced ni ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀, kì í ṣe fecit. D ló parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n lára ìkòkò kan náà, ní ìlà mìíràn, a rí iouesat, "ó ń búra", tí t parí. Ẹni tó kọ ọ́ mọ t yàtọ̀ sí d. Kí ló dé tí kò lo ọ̀kan ṣoṣo?

Sanskrit ló dáhùn. Bharati ni "ó ń gbé e". Abharat ni "ó gbé e" lánàá. Ohun tó ń lọ lọ́wọ́ ní i kékeré kan ní ìrù, -ti. Ohun tó ti kọjá kò ní in, -t nìkan ni. Ìyá àgbà ló dá a sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó dé Ítálì, t tó dúró lásán ní òpin ọ̀rọ̀ rọ̀, ó di d. Lẹ́yìn ìyẹn ni i tó wà ní ìrù -ti bọ́ sílẹ̀, tí t rẹ̀ wá dúró ní ìhòòhò. Ètò náà ṣe pàtàkì: ká ní i ló kọ́kọ́ bọ́ ni, t méjèèjì ni ì bá di d. Oscan jẹ́rìí sí i. Lára òkúta kan ní Pompeii, wọ́n kọ ọ́ pé ọkùnrin kan fi owó sílẹ̀ nínú ìwé ìhágún rẹ̀. Deded ni wọ́n fi sọ "ó fi fún", pẹ̀lú d. Nítorí náà, ìyàtọ̀ t àti d yìí ti wà lẹ́nu ìyá. Nígbà tí Cicero fi ń kọ̀wé, ó ti parẹ́ ní Látìn, t nìkan ló kù, facit àti fecit sì ń parí bákan náà.

Àwọn ará Falerii náà ní tiwọn láti sọ, lára ife ọtí. Ife amọ̀ méjì tí wọ́n kùn ní àwòrán, ti ọ̀rúndún kẹrin ṣáájú Kristi, gbé ọ̀rọ̀ kan náà: lónìí n ó mu wáìnì, lọ́la n ò ní rí mu. Pipafo ni "n ó mu" lára ọ̀kan nínú wọn, carefo sì ni "n ò ní ní in". Látìn á wí pé carebo. F Faliscan àti b Látìn tún ti pàdé, láàárín ọ̀rọ̀ lọ́tẹ̀ yìí, bh àtijọ́ ló sì wà lábẹ́ méjèèjì. Bopp ti sọ ọ́ pé -bo àti -bam tí Látìn ń so mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe kì í ṣe nǹkan mìíràn ju ọ̀rọ̀-ìṣe "jẹ́" tàbí "dà" àtijọ́ tó ti súnkì lọ, ìbátan fui Látìn àti be Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n Oscan àti Umbrian kò lò ó fún ohun tí ń bọ̀. S ni tiwọn.

Pipafo ṣì ní ohun mìíràn nínú. Pi- ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jẹ́ àpètúnpè kọ́ńsónáǹtì gbòǹgbò. Sanskrit ní pibati, "ó ń mu". Látìn ní bibit. P ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti di b nítorí b tó tẹ̀ lé e. *Pibeti ni wọ́n gbà pé ìyá wọn ń wí. Etí Yorùbá kò ní fẹ́ olùkọ́ níbí. "Mu" di "mímu", "kọ" di "kíkọ", "lọ" di "lílọ": àpètúnpè ẹlẹ́bẹ ni, kọ́ńsónáǹtì padà wá pẹ̀lú í. Yorùbá fi ń sọ ọ̀rọ̀-ìṣe di ọ̀rọ̀-orúkọ, àwọn ará Ítálì fi ń tọ́ka sí bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Kò sí ẹbí láàárín wọn, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni wá a níbẹ̀. Ọgbọ́n tí ọ̀pọ̀ èdè ayé dá fúnra wọn ni.

Ní Ítálì, i ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe àpètúnpè nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, e sì ni nígbà tó bá ti parí. Sisto, mò ń gbé e dúró. Steti, mo ti dúró. Do, mò ń fi fún un. Dedi, mo ti fi fún un. Cano, mò ń kọrin. Cecini, mo ti kọrin. Ibẹ̀ ni fhefhaked jókòó sí: fhe- jẹ́ àpètúnpè, -fhak- jẹ́ gbòǹgbò, -ed sì ni ẹni náà tó ṣe é nígbà tó ti kọjá.

Kí ló wá dé tí Róòmù kò ní àpètúnpè nínú feced? Ìdáhùn wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ọ̀nà méjì ló ní láti sọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀. Ọ̀kan ń sọ pé ó ṣẹlẹ̀, ó tán. Èkejì ń sọ pé ó ti ṣẹlẹ̀ débi pé nǹkan wà ní ipò tó wà nísinsìnyí. Gíríìkì pa méjèèjì mọ́. Etheke rẹ̀, "ó gbé e kalẹ̀", ló bá feced ṣe déédéé, títí kan k tó wà níbẹ̀, nítorí gbòǹgbò tó ń jẹ́ "gbé kalẹ̀" ní Gíríìkì náà ló ń jẹ́ "ṣe" ní Látìn, tó sì di do lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì. Ní Ítálì, ọ̀nà méjèèjì dà pọ̀ di ọ̀kan. Vidi, "mo ti rí i", wá láti apá kan. Dixi, "mo ti sọ ọ́", wá láti apá kejì. Ọ̀rọ̀-ìṣe pango, "mò ń kàn án mọ́lẹ̀", kò tilẹ̀ lè yàn: pepigi, pegi àti panxi ló wà fún un nínú ìwé Látìn, ìran mẹ́ta nínú ilé kan.

Fún "ṣe", ilé kọ̀ọ̀kan yan tirẹ̀. Róòmù di èyí tí kò ní àpètúnpè mú. Praeneste di àpètúnpè mú, kì í sì í ṣe òun nìkan: wàláà idẹ Oscan ti Bantia ní fefacid àti fefacust. Umbrian kọ fakust, láìsí àpètúnpè. Ìdájọ́ tó bá gbogbo ẹ̀rí yìí mu ni pé èdè tó bí Látìn ní méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Alágbẹ̀dẹ Praeneste kò ṣì í sọ, ará Róòmù náà kò ṣì í sọ.

Ó níbi tí ọ̀nà ti dí. Látìn ní amavi, "mo ti fẹ́ràn rẹ̀", pẹ̀lú v tí kò sí nínú Oscan. Oscan ní prúfatted, "ó ti fọwọ́ sí i", pẹ̀lú t méjì tí kò sí ní Látìn. "Láti wà" ni esse ní Látìn, ezum ní Oscan, erom ní Umbrian. Méjì ìkẹyìn jọra, Látìn dá dúró. Àwọn ìwé kan ṣì ń tẹ àtẹ tó kún fọ́fọ́ jáde fún ìyá Látìn, bí ẹni pé gbogbo ojú rẹ̀ ló ti hàn. Àtẹ tó ní ihò níbi tí ẹ̀rí ti tán ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ gbẹ́kẹ̀ lé. Ìdí nìyí tí ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe ìyá àgbà tí Helmut Rix ṣe olórí iṣẹ́ rẹ̀ ní Jámánì, tó jáde ní 1998, fi níyì: ó ń sàmì sí ibi tí nǹkan kò ti dájú.

Síbẹ̀, ìṣirò máa ń bímọ. Látìn ní erit, "ó máa wà". Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti gbà pé r rẹ̀ jẹ́ s tẹ́lẹ̀, nítorí s tó wà láàárín fáwẹ̀lì méjì máa ń di r ní Látìn. Cicero fúnra rẹ̀ kọ̀wé pé ìdílé Papirius ti ń jẹ́ Papisius nígbà kan rí. Ní 1899, Giacomo Boni hú òkúta dúdú kan jáde ní Forum Róòmù. Lábẹ́ rẹ̀ ni ọwọ̀n kékeré kan wà tí wọ́n kọ nǹkan sí ní ọ̀rúndún kẹfà ṣáájú Kristi. Esed wà níbẹ̀. S wà láàárín fáwẹ̀lì, d sì parí ọ̀rọ̀.

Ìkọ́ wúrà náà kò gbádùn irú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀. Wolfgang Helbig ló fi í han àwọn ọ̀mọ̀wé ní Róòmù ní 1887, kò sì sọ ibi tó ti rí i yékéyéké. Ní 1980, Margherita Guarducci, ògbóǹkangí nínú kíka àkọlé àtijọ́, kéde pé ayédèrú ni, àti pé Helbig mọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ náà ká àwọn onímọ̀ èdè lára. Gírámà nìkan kò lè gbà wọ́n, nítorí pé Oscan ti fi fefacid han gbogbo ayé ṣáájú 1887. Ọ̀mọ̀wé tó bá gbọ́n lè fara wé e. Wúrà ló wá gba ara rẹ̀. Ní 2011, àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe sí ojú wúrà náà lábẹ́ ẹ̀rọ awò-asọ̀kékeré-di-ńlá fi hàn pé inú ibi tí wọ́n fín lẹ́tà sí ti gbó pẹ̀lú ìkọ́ náà láti àtijọ́. Ojúlówó ni.

Ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé Pigorini ní Róòmù ló wà. Ẹni tó bá débẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ọwọ́ ọ̀tún, kó sì dúró díẹ̀ níwájú ọ̀rọ̀ kẹta.